Caleb, Nọ́ńbà Mẹ́ta Wa

Caleb Ọdẹkúnlé kọ́ ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wa. Èmi Abdulrasaq, tí mo ṣe kápùtẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ayétòrò fún ọdún mẹ́jọ, ni mo ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ bu òkú kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò yá. Tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn gólì á ti máa wá ibi tí wọ́n máa sá sí. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí a fi fi í sí ẹ̀yìn, ní apá òsì, tí a sì fún un ní jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í sinmi. Tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ, tí o bá bojú wẹ̀yìn, Caleb lo máa rí tó ti ń sáré bọ̀ láti bá ọ tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, á máa pariwo mọ́ ọ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Caleb ò ní ráyè ìyẹn. Á kàn máa sáré ni.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìjọ, ó sì kú nígbà tó ku ọdún kan kí Caleb jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìyá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí agbo ilé kan ní àdúgbò wa tí kò tí ì kọ́ ọmọ ibẹ̀ rí. Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ orin ìjọ bíi mẹ́wàá, nítorí pé kíláàsì Màmá Tíṣà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé.

Nígbà tí Caleb jáde ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gbà á kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Tó bá di Sátidé, á lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe kò jìnnà síbẹ̀; tí mo bá ti rí i tó ń kọjá lọ pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lọ́rùn, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fọ epo kúrò lọ́wọ́.

Ní ọdún 2016 la dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ kan tí àwọn oníṣòwò agbègbè wa gbé kalẹ̀. Àwa pẹ̀lú Ìwòyè-Kétu ni. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wọ́n fi kó èrò wá sí Ayétòrò. Àwọn kan tiẹ̀ ti òdìkejì bodè wá, wọ́n ń fi Faransé gba àwọn ọmọ wọn níyànjú: "Alé! Alé!" Àwọn èèyàn tiwa náà ń sín wọn jẹ, gbogbo pápá ń hó. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n dá a padà lẹ́yìn ìsinmi, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gíga kan wá síwájú gólì wa. Èèyàn bíi mẹ́wàá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù bà wá lára, ó jáde. Rẹfirí nawọ́ sí igun pápá pé kí wọ́n lọ gbá kọ́nà. Àwọn ará Ìwòyè fárígá. Ọwọ́ ni, ọwọ́ ni! Rẹfirí náà, tíṣà àgbà kan láti Ìdógò, kò rí nǹkan kan, gbogbo wa ti bò ó lójú. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé iwájú Caleb.

"Ọmọ, ṣé ó kàn ọ́ lọ́wọ́?"

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ìgúnpá gún un níhà.

"Ó kàn mí lọ́wọ́, sà," ni Caleb wí.

Rẹfirí fun fèrè. Pẹ́náltì. Wọ́n gbá a wọlé, wọ́n sì gbé ife lọ sí Ìwòyè.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé. Mo lọ bá Caleb níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Bọ́ jẹ́sì yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ó bi mí ni. Kí ni kí n sọ?"

"Mo ní kí o bọ́ ọ! Máa bá wọn lọ sí Ìwòyè, àwọn lo ṣiṣẹ́ fún."

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Mo rò pé ká ní ẹnì kan sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá dákẹ́. Caleb bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a sí mẹ́rin dáadáa bí ẹni tó fẹ́ kó aṣọ sínú àpótí, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ gba àárín èrò kọjá lọ sílé. Àwọn kan hó lé e lórí. Mo gbọ́, mi ò sì sọ pé kí wọ́n má hó.

Kò wá sí pápá mọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, oníbàárà mi kan tó gbé ọ̀kadà wá fún àtúnṣe ló ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán pé ọmọ Màmá Tíṣà ti wọ iṣẹ́ ológun, ó ti wà ní Zaria. Kò dágbére fún mi. Báwo ló ṣe fẹ́ dágbére? Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ilé wọn kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò sì rìn ín fún odindi oṣù mẹ́ta. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lọ. Èmi ń pè é ní ìbínú.

Ọdún 2019 ni wọ́n fún un ní ìsinmi tó fi wálé. Èmi kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nígbà yẹn. Orúnkún mi ti bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di dúdú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ìrìn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì kan lẹ́bàá pápá. A bá ara wa sọ̀rọ̀ òjò, a sọ ti iye tí wọ́n ń ta epo, títí tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wa. Mo wá ní, "Caleb, ti ọjọ́ yẹn..."

"Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bá yín jà nínú ọkàn mi. Tí wọ́n bá ní ká máa sáré ní Zaria, tó bá rẹ̀ mí, ojú yín ni mo máa ń rí, n ó tún sáré sí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ mí di ẹni tó ń sáré dáadáa."

"Má bínú. Jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti tán."

Ó sọ fún mi nípa Borno. Ó ní lẹ́bàá ibùdó àwọn, àgọ́ kan wà fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, orí iyanrìn sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni òpó gólì. Òun kò gbọ́ èdè wọn, Hausa rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà wọ́n ní kó máa ṣe rẹfirí. "Fèrè nìkan ni èdè tí a jọ gbọ́," ló wí. "Ẹ wo èmi Caleb, mo wá di rẹfirí!"

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ bi í bóyá tìtorí ohun tí mo ṣe fún un ló fi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ pé kó wá, ó sì dìde. Ó bá wọn gbá a fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kò tí ì mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún lò.

Láti ìgbà náà la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo fi bọ́ọ̀lù méjì rán ṣọ́jà kan tó ń padà sọ́hùn-ún, Caleb sì fi àwòrán àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi, gbogbo wọn di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni tó di ọmọ tuntun mú. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá bi í ní ìbéèrè yẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ọkọ̀ ológun kan tó gbé ọkùnrin mẹ́ta dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gá kan sọ̀kalẹ̀, ó ní kí n júwe ilé Ìyáàfin Ọdẹkúnlé fún òun. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó mú un mọ́ àyà. Mi ò júwe ilé. Mo wọ ọkọ̀ tì wọ́n.

Màmá Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà, ó wò mí. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gẹ̀ẹ́sì kan tó gùn, àmọ́ èmi ni Màmá dojú kọ.

"Rásákì, ṣé ó farapa ni, àbí ó ti kú?"

Mo tẹ orí ba.

Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹ jókòó," ló wí fún àwọn ṣọ́jà. "Ọ̀nà yín jìn." Ó wọlé, ó bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró títí wọ́n fi mu ún. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, èmi àti aládùúgbò kan la gbé e wọlé. Ìwé tí wọ́n fún un sọ pé ojú ìjà ni ọmọ rẹ̀ kú sí. Maiduguri ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan, ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ìlú pinnu láti ṣe eré ìrántí fún un, wọ́n sì pe Ìwòyè-Kétu wá. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Caleb tí a máa kà níwájú èrò. Ó sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀: pé Caleb ni òpó ẹgbẹ́ wa, pé ó gba ife wá sílé, pé tòun ti ìbọn lọ́wọ́ ló ṣubú lójú ọ̀tá. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó kún ojú ewé mẹ́rin.

Mo mú un lọ fún Màmá Tíṣà. Mo bá àlejò kan nílé rẹ̀, ọkùnrin tíńrín kan tó ń tiro. Bánjí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Ó ti wà nínú iṣẹ́ ológun pẹ̀lú Caleb kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti dé láti àná, kò sì tí ì sọ ohun tó bá wá.

"Ó dára bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe wà níbí," ni Màmá wí. "Bánjí, sọ ọ́ bó ṣe rí. Má ṣe fi oyin sí i fún mi."

Bánjí wo ilẹ̀. "Màmá, kò sí ìjà lọ́jọ́ náà. Omi la lọ bù."

Ó ní kànga tó ṣeé mu jìnnà sí ibùdó wọn, ọkọ̀ táńkà ni wọ́n fi ń lọ gbé omi wá ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kì í ṣe Caleb ló kàn. Ẹni tó kàn ń ṣe ibà, Caleb sì ní òun á lọ dípò rẹ̀. Wọ́n ti bu omi tán, wọ́n ń padà bọ̀. Àwọn ọ̀tá ti ri bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà. Caleb wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, Bánjí wà lẹ́yìn.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Rárá, Màmá. Ojú ẹsẹ̀ ni."

Màmá mi orí. "Èèyàn mélòó ló ń retí omi náà?"

"A ó tó ọgọ́ta. Àwa ṣọ́jà, àti àwọn ará abúlé tó sá tọ̀ wá."

"O ṣeun," ni Màmá wí. "O ṣeun, ọmọ mi." Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Mú tìrẹ wá."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wá bírò pupa kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ní ìyàwó àti ọmọ, síbẹ̀ nígbà tí mo rí bírò yẹn, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó tún fa òmíràn.

"Rásákì, ta lo kọ ìtàn rẹ̀ síbí?"

"Caleb ni, Màmá."

"Ife wo ni Caleb gbà?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè ló ní kí n..."

"Ọláoyè! Kíláàsì mi lòun náà ti jáde. Kò mọ àròkọ kọ nígbà náà, kò tí ì mọ̀ ọ́n kọ." Ó ṣí ìwé náà dé òpin. "Ọjọ́ Ìwòyè dà? Mi ò rí i níbí."

Bánjí ń wò mí. Nígbà náà ni ìbéèrè tí mo ti gbé láti ọjọ́ yìí jáde, kì í sì í ṣe ẹni tó yẹ kí n bi ni mo wá ń bi.

"Màmá, ṣé èmi ni mo lé e lọ?"

Ó yọ awò ojú. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo bi í, kò dá mi lóhùn. Ó ti gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn, fọ́ọ̀mù wà nínú àpótí rẹ̀, kò kọ nǹkan sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló kọ ọ́. Ó gbé e wá bá mi pé kí n buwọ́ lù ú níbi tí wọ́n kọ òbí sí. Mo lè sọ pé rárá. Mo buwọ́ lù ú. Tó o bá ń wá ẹni tó máa dá ọ láre, má wá a lọ́dọ̀ mi. Tó o bá sì ń wá ẹni tó máa dá ọ lẹ́bi, èmi náà kọ́. Lọ tún un kọ. Kí àwọn èèyàn lè mọ ẹni tó kú."

Ní ọjọ́ eré, èrò pọ̀ ní pápá. Àwọn Ìwòyè-Kétu dé pẹ̀lú jẹ́sì funfun. Màmá Tíṣà jókòó sí iwájú, Bánjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gba maikirofóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà pé Caleb kò mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún lò, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n rántí. Mo kà pé kò sí ife tó gbà. Mo wá dé ibi ọjọ́ Ìwòyè. Mo ka ìbéèrè rẹfirí, mo ka ìdáhùn Caleb. Mo kà pé èmi Abdulrasaq ni mo bọ́ jẹ́sì lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó sọ òótọ́, àti pé púpọ̀ nínú àwa tí a wà níbí la hó lé e lórí.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Rásákì, kí lo wá ń sọ yìí?" Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè dìde, ó na ọwọ́ sí maikirofóònù.

Màmá Tíṣà kò dìde. "Ọláoyè, jókòó," ló wí. "Jẹ́ kó kà á tán."

Ó jókòó. Mo kà á tán: kànga, ọkọ̀ táńkà, ọgọ́ta èèyàn tó ń retí omi. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tó ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Kápùtẹ́ẹ̀nì Ìwòyè jáde láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó gba orí pápá kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Tíṣà, jẹ́sì funfun àti gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tiwa náà tẹ̀ lé wọn. Màmá ń fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n má fi iyẹ̀pẹ̀ ba aṣọ jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì nà wá ní méjì sí òdo.

Bánjí kò tètè lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò sí i ní ilé Màmá, ó bá a kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti ń ṣubú, ó sì ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsọ nǹkan púpọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, a sìn ín dé gáréèjì. Màmá ti di gààrí fún un. Ọkọ̀ kan kún, ó lọ. Èkejì náà kún, ó lọ. Bánjí ṣì dúró pẹ̀lú gààrí lọ́wọ́.

"Wọlé, Bánjí," ni Màmá wí. "Ìyá tìrẹ náà ń retí."

Ó wọ ẹ̀kẹta. Màmá dúró títí ọkọ̀ fi yà sí títì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní kí n fi ọ̀kadà gbé òun dé ọjà, ata ti tán nílé. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó di èjìká mi mú, ó sì ní kí n rọra máa lọ.